Táǹkì epo tó ń jò lára ọkọ̀ àtijọ́: bí a ṣe ń wá ojú ihò, tí a sì ń dí i

Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí epo ti ń kán sílẹ̀ kọ́ ni ibi tí táǹkì ti lu. Epo bẹntiróòlù ṣàn ju omi lọ. Bó bá ti rí ojú ihò tín-ín-rín jáde, ńṣe ló máa ń fà mọ́ ara irin, á gba abẹ́ etí táǹkì lọ síbi tó lọ sílẹ̀ jù, ibẹ̀ ni á ti wá máa kán tó, tó, tó. Ẹni tó bá lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ ibi tó ń kán ti fi gọ́ọ̀mù ṣòfò. Wíwá ojú ihò àti fífọ táǹkì ló ń gba àkókò nínú iṣẹ́ yìí. Dídí ihò fúnra rẹ̀ lè má ju wákàtí kan lọ.

Ìgbà wo ló ń jò?

Ẹ kíyè sí ìyẹn kí ẹ tó gbé jáàkì. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá rọ epo kún dé ọrùn nìkan ló ń jò, tó sì ń dákẹ́ bí epo bá ti wálẹ̀ díẹ̀, ẹ má tíì fẹ̀sùn kan ìsàlẹ̀ táǹkì. Òkè ni kí ẹ wò: rọ́bà tó yí ọrùn táǹkì ká, hóòsì tí epo ń gbà wọlé, hóòsì kékeré tí atẹ́gùn ń gbà jáde, àti gáskẹ́ẹ̀tì abẹ́ fúlóòtù géèjì, ìyẹn ohun tó ń léfòó nínú táǹkì tó ń sọ fún géèjì bí epo ṣe kù tó. Ẹ tẹ hóòsì rọ́bà náà kọ́rọ́. Bó bá ya wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, òun ni kí ẹ pààrọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí iṣẹ́ parí síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń jò, ọ̀nà tí epo ń gbà lọ sí ẹ́ńjìnnì tàbí èyí tó ń gbà padà ló ń jò. Ṣùgbọ́n bó bá ń kán tọ̀sán-tòru títí epo fi wálẹ̀ dé ìwọ̀n kan, tó wá dúró fúnra rẹ̀, ìwọ̀n tó dúró sí yẹn ni gíga ihò náà. Ẹ kọ iye tí géèjì kà sílẹ̀, á wúlò fún yín lẹ́yìn ọ̀la.

Láti mọ ojú ihò gan-an, ẹ fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo abẹ́ táǹkì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì lẹ ẹfun tí ẹ lọ̀ kúnná, tàbí pówúdà, mọ́ ọn lára, kí ẹ sì fún un ní ìdajì wákàtí. Ìlà kan tó tutù á hàn lójú ẹfun náà bí ipa ìgbín lórí eruku. Ẹ tọ ìlà náà lọ sókè títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ìṣó fa àmì yí ibẹ̀ ká, nítorí pé ẹfun á ṣàn lọ nígbà tí ẹ bá ń fọ táǹkì.

Àwọn ibi tí táǹkì onírin sábà máa ń lu kò pọ̀. Abẹ́ béélítì irin tó gbé e dání ni àkọ́kọ́: rọ́bà tàbí aṣọ tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ ń mu omi òjò, ó sì ń di omi náà mọ́ irin lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Etí tí wọ́n ti pa irin òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ ni ìkejì, pàápàá apá tí táyà ń da ẹrẹ̀ lù. Ìkẹta ni ìsàlẹ̀ pátápátá, láti inú wá. Omi wúwo ju epo lọ. Ìwọ̀nba omi tó bá wọ táǹkì á lọ sùn sísàlẹ̀, á sì máa jẹ irin níbẹ̀. Epo tí wọ́n po ọtí ethanol mọ́ máa ń fa omi láti inú atẹ́gùn, nítorí náà ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún oṣù mélòó kan pẹ̀lú epo díẹ̀ nínú ni èyí máa ń bá jù.

Kì í ṣe gbogbo táǹkì ló wà lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ti Volkswagen Beetle wà níwájú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ti Mini àtijọ́ wà nínú búùtù. Lára Ford Mustang àwọn ọdún 1960, orí táǹkì fúnra rẹ̀ ni ilẹ̀ búùtù. Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni kí ẹ má fi òórùn epo inú ọkọ̀ ṣeré, torí pé ibi tí èèyàn jókòó sí ni afẹ́fẹ́ epo ń wọ̀.

Táǹkì tó ṣófo ló ń pa ni

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí epo bá ti tán nínú táǹkì, ewu ti lọ. Òdì kejì rẹ̀ ni. Epo olómi kọ́ ló ń jó, afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde ni. Bí afẹ́fẹ́ epo yìí bá wà láàárín nǹkan bí 1.4 sí 7.6 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, iná á gbá a, á sì bú. Táǹkì tó kún fún epo kò ní àyè atẹ́gùn tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú epo rẹ̀ dànù, tó ku ìwọ̀nba tó rin ara irin, ni bọ́ǹbù.

Afẹ́fẹ́ yìí wúwo ju atẹ́gùn lásán lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà kì í fò lọ sókè. Ilẹ̀ ló ń gbà bí omi, á rọ́ wọ kòtò tí mẹkáníìkì ń dúró sí, á sì lè rìn dé ibi tí iná wà tí ẹ kò tilẹ̀ rántí. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ má ṣe é lórí kòtò láé. Ẹ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì tó jẹ́ ti nẹ́gétíìfù. Tọ́ọ̀ṣì LED ni kí ẹ lò. Gílóòbù onígíláàsì tó bá já bọ́ tó fọ́ lè dáná sun gbogbo rẹ̀. Kí ohun èlò apaná oníyẹ̀fun tàbí onífóòmù wà nítòsí, kì í ṣe korobá omi: epo á léfòó lórí omi, iná á sì máa tẹ̀ lé e lọ.

Bí epo bá ṣì pọ̀ nínú táǹkì, páńpù ọwọ́ ni kí ẹ fi fà á. Kò sí ìdí kankan láti fi ẹnu fa á. Ẹ̀kán epo díẹ̀ tó bá gba ọ̀nà òfì wọ ẹ̀dọ̀fóró lè gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn. Kẹ́ẹ̀gì irin tó jókòó sílẹ̀ ni kí ẹ dà á sí, kí ẹ sì fi wáyà so kẹ́ẹ̀gì náà pọ̀ mọ́ ara irin ọkọ̀. Korobá oníke máa ń kó iná mànàmáná jọ bí epo ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Lítà epo kan wúwo tó nǹkan bí 0.74 kg, lítà 40 á sì sún mọ́ 30 kg, epo náà á sì máa yí kiri nínú táǹkì bí ẹ ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kù díẹ̀ sí lítà 5 kí ẹ tó tú u.

Títú u sílẹ̀

Bóòtì béélítì irin ni yóò kọ́kọ́ dán yín wò. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti fi epo tó ń wọnú ìpẹtà rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Kí ọkọ̀ jókòó lórí ìdúró irin, kì í ṣe lórí jáàkì nìkan. Ẹ wá fi pákó pẹlẹbẹ tẹ́ orí jáàkì mìíràn, kí ẹ gbé e sábẹ́ táǹkì, kí ẹ tó tú béélítì.

Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ẹ dúró. Àyè yẹn ló tó láti fi ọwọ́ dé orí táǹkì, kí ẹ tú hóòsì àti wáyà géèjì. Ẹni tó bá kánjú fà á lulẹ̀ á fà wáyà já, tàbí kó ká ọ̀pá kékeré tí epo ń gbà jáde. Ẹ so bébà mọ́ hóòsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ibi tó ti wá sí i lára.

Òrùka tó di fúlóòtù mọ́ táǹkì máa ń yí sí òsì. Igi líle tàbí bàbà ni kí ẹ fi gbá etí rẹ̀, ẹ má fi irin gbá irin, torí iná tó máa ń ta. Bí ẹ ti ń yọ fúlóòtù, ẹ wo apá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kọjú sí, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ọwọ́ náà bá wọ́, géèjì á máa purọ́ fún yín títí ayé ọkọ̀ yẹn.

Ẹ wá fi ẹnu skrudíráfà tí kò mú tẹ irin táǹkì káàkiri. Bó bá wọlé tàbí bó bá rọ̀ níbi tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tàbí tí etí táǹkì ti jẹ lọ ní gígùn, ẹ ra táǹkì mìíràn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á fẹ́ máa lẹ̀ ẹ́ títí, àmọ́ irin tó ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ á lu níbòmíràn láìpẹ́. Táǹkì oníke ni tirẹ̀ kò ní àríyànjiyàn: gọ́ọ̀mù kì í di ike bẹ́ẹ̀ mú, kò sì sí òjé ìjórin (solder) tó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Pípààrọ̀ ni.

Fífọ̀ rẹ̀

Ẹ da lítà 5 omi gbígbóná sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ olómi tó pọ̀, ẹ dí ẹnu rẹ̀, ẹ mì í gidigidi, ẹ dà á nù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ẹ rọ omi kún un títí yóò fi ṣàn jáde lẹ́nu, kí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá omi jáde. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń tú ooru omi jáde, ẹ fi í sí ẹnu táǹkì fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí gbogbo ara irin yóò fi gbóná débi tí ọwọ́ kò lè gbà á mọ́.

Ìdí tí èyí fi gba sùúrù nìyí. Epo tó ti pẹ́ máa ń di ohun tó le, tó ń lẹ̀, bí oje igi. Ohun yìí máa ń wọ etí táǹkì, ó sì ń sápamọ́ sẹ́yìn àwọn ògiri kékeré tí wọ́n ṣe sínú rẹ̀ kí epo má baà máa bì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Inú rẹ̀ ni epo ń sùn sí. Bí omi tútù bá kọjá lára rẹ̀, kò ní gbọ́n ọn. Bí ooru bá kàn án, á tú afẹ́fẹ́ epo jáde. Òun ló fi jẹ́ pé táǹkì tí wọ́n ti fọ̀, tí kò rùn mọ́, ṣì lè bú nígbà tí wọ́n bá ń jó o. Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ dí gbogbo ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e sínú oòrùn fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ wá ṣí i gbọ́ òórùn. Bó bá rùn rárá, ẹ padà sídìí ọṣẹ.

Àwọn kan máa ń so hóòsì mọ́ sàlẹ́ńsà ọkọ̀ mìíràn kí èéfín rẹ̀ lé afẹ́fẹ́ epo jáde. Ẹ má dán an wò. Èéfín yẹn ní májèlé nínú, atẹ́gùn tó lè mú iná jó ṣì lè wà nínú rẹ̀, kò sì lè dé inú etí táǹkì.

Bí ìpẹtà bá wà nínú, ẹ so ìkangun ṣéènì tín-ín-rín kan mọ́ wáyà, kí ìkangun wáyà wà níta, ẹ rọ ṣéènì sínú, ẹ mì. Ṣéènì ṣeé fà jáde. Àwọn tó ń da nọ́ọ̀tì sínú á fi ọjọ́ kan wá èyí tó há sẹ́yìn ògiri inú; bó bá pọn dandan, ẹ ka iye tó wọlé. Ásíìdì phosphoric ló ń jẹ èyí tó kù, gẹ́gẹ́ bí ara ìgò ṣe sọ, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú. Bí ẹ bá ti fi omi ṣàn án tán, ẹ gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí pé irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lè pupa padà kí ẹ tó wá àkísà.

Fífi òjé dí i

Fún ihò kan tàbí méjì lára irin tó ṣì le, òjé ìjórin (solder) ló dára jù. Ọ̀pọ̀ táǹkì àtijọ́ ni wọ́n ti fi òjé àti tánganran bò láti ilé iṣẹ́, òun ló fi máa ń gba òjé dáadáa. Òun náà ló fi yẹ kí ẹ bo imú nígbà tí ẹ bá ń ha á: eruku òjé ni ẹ ń mí sínú.

Ẹ ha ojú ihò dé irin tó ń dán, ní ìwọ̀n ìka méjì káàkiri. Ihò tó jẹ́ ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ lójú òde lè tó ẹyọ àgbàdo bí ẹ bá ti gbọ́n ìpẹtà kúrò. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀, kí ẹ lè dé irin gidi. Ihò tí kò tó mìlímítà 2, òjé nìkan á dí i. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gé páànù tánganran tàbí bàbà pẹlẹbẹ tó nípọn tó 0.5 mm, kó ju ojú ihò lọ ní mìlímítà 15 yíká, kí ẹ sì gé igun rẹ̀ róbótó. Igun tó ṣóńṣó ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Ẹ yí táǹkì kí ojú ihò wà lókè, ẹ rọ omi sínú rẹ̀ títí yóò fi kù bí ìka méjì kó kan ojú ihò. Omi ń lé afẹ́fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n kó má kan irin tí ẹ fẹ́ jó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á máa mu ooru náà, òjé kò sì ní yọ́. Gbogbo ẹnu táǹkì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Ẹ má lo iná tó ń jó lálá. Irin ìjó-òjé ńlá, èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ bàbà tó wúwo, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì mú un gbóná níbi tó jìnnà sí táǹkì. Òjé 60/40 (tánganran 60 àti òjé gidi 40 nínú 100) ń yọ́ láàárín 183 àti 190 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò nílò iná ajórin.

Ẹ fi flux olásíìdì, ohun tó ń mú kí òjé lẹ̀ mọ́ irin, pa ojú irin. Èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò kò lágbára tó fún irin páànù. Ẹ fi òjé bo ojú irin àti ẹ̀yìn páànù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó gbé méjèèjì léra. Ẹ gbé irin gbígbóná sórí páànù títí ẹ ó fi rí i tí òjé yọ láti abẹ́ etí rẹ̀ káàkiri, kí ẹ wá fi igi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmira títí yóò fi tutù.

Bí òjé bá ṣù jọ tó ń yí kiri bí omi orí ewé kókò, irin kò mọ́, tàbí kò gbóná tó. Bí ojú rẹ̀ bá rí hánhán láìdán, nǹkan ti mì í kó tó di. Ẹ mú un gbóná padà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná àti baking soda fọ ibẹ̀, nítorí pé flux olásíìdì tó bá kù sílẹ̀ á máa jẹ irin lọ ní ẹ̀gbẹ́ òjé.

Jíjó etí táǹkì, ẹ gbé e fún jóórinjóórin tó ní gáàsì argon láti fi kún inú rẹ̀, tó sì ti ṣe irú rẹ̀ rí. Irin táǹkì fẹ́lẹ́, iná ajórin á tètè lu ú sí i.

Gọ́ọ̀mù, àti ọ̀dà inú táǹkì

Gọ́ọ̀mù epoxy alápá méjì tí ara rẹ̀ sọ pé epo kò lè yọ́ wúlò níbi tí òjé kò lè dé. Irin gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ẹ fi sánpépà 80 ha á, kí ẹ fi acetone nù ún. Bí epo bá ṣì ń rin níbẹ̀, kò lè lẹ̀ láé, bó ti wù kí ara agolo ṣèlérí tó. Ẹ po apá méjèèjì dọ́gba títí àwọ̀ wọn yóò fi di ọ̀kan ṣoṣo, ẹ tẹ díẹ̀ wọ inú ihò kó di orí sí inú, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ má lo body filler tí wọ́n fi ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Epo á rọ̀ ọ́. Silicone náà á wú bíi búrẹ́dì inú omi. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà lẹ ti bá a, ẹ fi ọṣẹ líle gbígbẹ kun ojú ihò náà: epo kì í yọ́ ọṣẹ, á sì gbé yín délé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀dà inú táǹkì wà fún ihò wẹ́wẹ́ púpọ̀ tí ẹ kò lè máa jó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ihò ńlá, ẹ kọ́kọ́ fi páànù dí i. Ẹ fi bóòtì tí ẹ fi gírísì pa dí gbogbo ẹnu, ẹ da ọ̀dà sínú, ẹ máa yí táǹkì díẹ̀díẹ̀ kí gbogbo ojú inú rẹ̀ lè rí i gbà, kí ẹ wá dorí rẹ̀ kodò kí àṣẹ́kù ṣàn jáde tán. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn gba inú ọ̀pá tí epo ń gbà jáde kí ọ̀dà tó le, tí ẹ kò bá fẹ́ fi dírílì lu ú lẹ́yìn ọ̀la. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dà yìí ń fẹ́ ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó le tán. Èyí tó bá dúró ní adágún nísàlẹ̀ kì í le dáadáa, èyí tí ẹ sì dà sórí òróró tàbí ọ̀rinrin á ṣí bí èèpo, á lọ dí ẹnu páńpù.

Ìdánwò

Kẹrosíìnì ni mo fẹ́ràn jù. Ó máa ń rá wọ ihò tí omi kò lè gbà. Ẹ da lítà 2 tàbí 3 sínú, ẹ dà á délẹ̀ sí apá tí ẹ tún ṣe, ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀ di òwúrọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo atẹ́gùn, lẹ́yìn tí táǹkì ti mọ́ tí ọ̀dà sì ti le, kí ó fi páńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ, kí ó sì kun ọṣẹ sí i. Kí agbára atẹ́gùn náà má ju 0.1 bar lọ. Ó dà bíi pé ó kéré, àmọ́ lórí irin pẹlẹbẹ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80 tó sì fẹ̀ ní 50, agbára tó tó ìwúwo 400 kg ni ìyẹn. Páńpù ńlá tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà á wú táǹkì náà bíi tìmùtìmù.

Dídá a padà

Ẹ kun ẹ̀yìn táǹkì, ṣùgbọ́n ẹ má kun ibi tí wáyà ilẹ̀ ti ń kan irin àti ibi tí òrùka fúlóòtù jókòó sí. Bí wọn kò bá kan irin, géèjì kò ní ka òótọ́. Rọ́bà ni kí ẹ tẹ́ sábẹ́ béélítì, kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun tó jẹ́ rọ́bà nitrile, kílíìpù tuntun, àti hóòsì tí wọ́n kọ SAE J30R7 sí lára fún kábúrétọ̀, J30R9 fún ọkọ̀ oní-injection. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn wọ hóòsì atẹ́gùn láti rí i pé kò dí. Bó bá dí, páńpù á máa fa táǹkì wọnú, ẹ́ńjìnnì á máa kú lójú ọ̀nà, ẹ ó sì gbọ́ "fììì" nígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí. Kí fílítà epo jẹ́ tuntun, kí ẹ sì tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà méjì tí ẹ bá ti rọ epo kún, torí ìpẹtà tó kù.

Lítà 5 ni kí ẹ kọ́kọ́ rọ, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá bátìrì padà, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi ìka gba gbogbo kílíìpù kọjá. Ọjọ́ kejì, ẹ rọ epo kún dé ọrùn, ẹ wa ọkọ̀ gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kọjá kí epo lè kan òkè táǹkì, kí ẹ gbé e kalẹ̀ sórí páálí di òwúrọ̀, kí ẹ wá wo páálí náà.